Ta Ló Ń San Ìyókù Owó Agékoríko?

Ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti fìdí kalẹ̀ láti Alief títí dé Katy àti Richmond, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn onílé bí ooru bá ti ń mú: àwọn agékoríko ń rẹ́ wa jẹ. Wọn á ní ogún ìṣẹ́jú péré ni ọkùnrin náà lò nídìí koríko, ó sì gba dọ́là 45 lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ará ilé ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọn á sọ ọ́ di náírà kíákíá. Bí dọ́là kan bá jẹ́ nǹkan bíi náírà 1,500, koríko ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti di náírà 67,500 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náírà 70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà là kalẹ̀ ní ọdún 2024. Ẹni tó ń gbọ́ ọ n'Íbàdàn á pòṣé, á sì gbà pé olè ni agékoríko. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, mi ò sì rò pé ọ̀rọ̀ tó yẹ ká máa gbójú fò dá ni. Owó yẹn kò pọ̀. Ó kéré sí ohun tí iṣẹ́ náà ń náni ní tòótọ́, ohun tó sì jẹ́ kó lè kéré bẹ́ẹ̀ ni pé ẹlòmíràn ló ń san ìyókù, ẹlòmíràn yẹn kì í sì í ṣe onílé.

Ibi tí èrò náà ti wá kò farasin. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti di àdá mú rí ní iléèwé. Ọmọ tó bá pẹ́ dé, tó pariwo ní kíláàsì, tàbí tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, koríko ni tíṣà máa ń wọ̀n fún un, kò sì ní rílé lọ àfi tó bá gé e tán. Kò sí ẹni tó san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Báyìí ni gígé koríko ṣe wọ̀ wá lọ́kàn gẹ́gẹ́ bí ìyà ẹlẹ́ṣẹ̀, tàbí iṣẹ́ alágbàṣe tí a lè bá ṣe dúnàádúrà títí tí yóò fi gba owó tó bá wù wá. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀, a kì í bi í ní ìṣẹ́jú mélòó ló fi rán an ká tó san owó rẹ̀. A gbà pé ẹ̀rọ wà nínú owó yẹn, iná wà níbẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ọdún tó fi kọ́ṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Agékoríko nìkan ni a ń ka ìṣẹ́jú sí lọ́rùn, nítorí pé a rò pé a mọ iṣẹ́ rẹ̀. A kò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ àdá iléèwé àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní iwájú ilé ní Houston jìnnà síra wọn gan-an.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n ń pariwo lé lórí yìí. Koríko tó wọ́pọ̀ jù níwájú ilé ní Houston ni St. Augustine, oníewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí kì í fẹ́ kí wọ́n gé òun mọ́lẹ̀ jù. Íǹṣì méjì àbọ̀ sí mẹ́rin ni gíga tó bá a lára mu. Òfin tí gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé ni pé a kì í gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta ewé náà lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a bá rú u, gbòǹgbò á rẹ̀, oòrùn á jó ilẹ̀, èpò á sì gba ibẹ̀. Òfin yìí gan-an ló sọ pé kí wọ́n máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí koríko bá ń yára hù. Kí ẹ̀rọ tó dún rárá, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti rin ilẹ̀ náà já, kó ṣa bọ́ọ̀lù ọmọdé, kó ká rọ́bà omi kúrò, kó wo ibi tí orí ẹ̀rọ afọ́nmi abẹ́lẹ̀ ti yọ sókè. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé àárín tán, wọ́n á fi ẹ̀rọ olókùn gé ìdí ọgbà pákó, ìdí igi àti àyíká ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n á la etí ọ̀nà àrìn kó gún régé, wọ́n á sì fẹ́ gbogbo ewé kúrò lórí kọnkéré. Gbogbo èyí ni onílé ń wò láti ojú fèrèsé tó sì ń pè ní ogún ìṣẹ́jú. Ènìyàn méjì ló sì sábà máa ń ṣe é, nítorí náà ogójì ìṣẹ́jú iṣẹ́ ènìyàn ni, ká tó ka ohunkóhun mìíràn mọ́ ọn.

Abẹ ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe nǹkan eré. Gbèdéke tí wọ́n fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ agékoríko ní Amẹ́ríkà ni pé ẹnu abẹ kò gbọ́dọ̀ sáré ju 19,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn sì tó nǹkan bíi 350 kìlómítà ní wákàtí kan. Òkúta kékeré tó bá kó sí i lábẹ́, ó lè fọ́ gíláàsì ọkọ̀ aládùúgbò, ó lè fọ́ ojú ènìyàn. Ìdí nìyí tí agékoríko tó mọ ohun tó ń ṣe fi ń san owó adójútòfò, tí ó sì ń pọ́n abẹ déédéé, nítorí pé abẹ tó bá kú kì í gé ewé, ńṣe ló ń fà á ya, orí koríko á sì funfun lọ́jọ́ kejì bí ẹni pé ó ṣàìsàn. Onílé kì í rí pípọ́n abẹ, kì í rí ìwé adójútòfò. Ohun tí kò rí ni kò fẹ́ sanwó rẹ̀.

Ó tó àkókò ká ṣe ìṣirò rẹ̀ ní gbangba. Àpẹẹrẹ ni mo ń ṣe, ẹnikẹ́ni sì lè yí iye owó inú rẹ̀ padà kó fúnra rẹ̀ wò ó. Ká ní ènìyàn méjì wà nínú ọkọ̀ kan, wọ́n gé koríko ilé 12 lóòjọ́, ilé kọ̀ọ̀kan san dọ́là 45. Dọ́là 540 ló wọlé. Bí wọ́n bá lo ìṣẹ́jú 25 ní ilé kan, tí wọ́n sì lo ìṣẹ́jú 15 láti sọ ẹ̀rọ, láti gbé e gun ọkọ̀, láti so ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì wakọ̀ dé ilé tó kàn, wákàtí mẹ́jọ ti lọ. Wákàtí kan àbọ̀ mìíràn á lọ sí rírọ epo, pípọ́n abẹ, fífọ ẹ̀rọ àti ìrìn láti ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ọ̀yà àwọn tó ń tọ́jú ọgbà káàkiri Amẹ́ríkà kò jìnnà sí dọ́là 18 ní wákàtí kan. Ènìyàn méjì, wákàtí mẹ́sàn-án àbọ̀: dọ́là 342. Owó tí òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí agbanisíṣẹ́ san lórí ọ̀yà yẹn, fún owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú àgbàlagbà, jẹ́ ìdá 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn dọ́là 26. Bí ọkọ̀ bá rin máìlì 60, òṣùwọ̀n sẹ́ǹtì 70 fún máìlì kan tí ilé-iṣẹ́ owó orí Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ fún ọdún 2025 sọ ọ́ di dọ́là 42. Epo inú àwọn ẹ̀rọ á tó dọ́là 18. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń jókòó lé, èyí tó lè yí po lójú kan, lè tó dọ́là 10,000. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 2,000 kó tó di pàǹtírí, dọ́là márùn-ún ló ń jẹ ní wákàtí kan, dọ́là 20 lóòjọ́ tó bá fi wákàtí mẹ́rin dún. Okùn, abẹ, óìlì àti àtúnṣe àwọn ẹ̀rọ kéékèèké, dọ́là 12. Adójútòfò, dọ́là 15. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 475. Dọ́là 65 ló ṣẹ́ kù fún ẹni tó ni iṣẹ́ náà, lẹ́yìn odidi ọjọ́ kan àti ilé 12.

Ṣùgbọ́n a kò tíì dé ibi tó le. Texas ka ìtọ́jú koríko mọ́ àwọn iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ gba owó orí ọjà lé lórí, ìdá 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni owó orí náà ní Houston. Onílé tó bá ní dọ́là 45 ni òun máa san, kó máà sí ohunkóhun lórí rẹ̀ mọ́, ó ti mú kí nǹkan bíi dọ́là 41 nínú 540 yẹn jẹ́ ti ìjọba. Dọ́là 24 ló kù. Inú dọ́là 24 yìí ni owó fóònù wà, owó akọ̀wé ìṣirò, táyà tó jò, àti oníbàárà tó ti wọ oṣù karùn-ún tí kò tíì san gbèsè oṣù kẹrin. Òjò tó ń rọ̀ ní Houston lọ́dún tó nǹkan bí íǹṣì 50. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sí ilé kankan, ṣùgbọ́n gbèsè ọkọ̀ kò mọ̀ pé òjò rọ̀. Láti oṣù kejìlá títí wọ oṣù kejì, koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ hù, owó á sì fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá fi ojú ọjọ́ kan tó dára wo iṣẹ́ yìí kò tíì rí iṣẹ́ náà.

Ẹni tí kò gbà fún mi á bi mí pé: ṣé kò sí àwọn tó ń gba dọ́là 30? Wọ́n wà. Ẹ jẹ́ ká fi 30 sí ìṣirò kan náà. Ilé 12 mú dọ́là 360 wá. Ẹ yọ ọkọ̀, epo, ẹ̀rọ, àtúnṣe àti adójútòfò kúrò, ìyẹn dọ́là 107. Dọ́là 253 ló kù fún ènìyàn méjì tó ṣiṣẹ́ wákàtí 19 láàárín ara wọn. Dọ́là 13 àti díẹ̀ ni ní wákàtí kan, láìtíì san owó orí kankan, láìfi ohunkóhun sílẹ̀ fún ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti gba owó yẹn kéèyàn sì máa bá iṣẹ́ lọ: kí a yọ nǹkan kúrò níbi tí onílé kò lè rí i. Adójútòfò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ. Owó orí ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ìsinmi, omi tútù, ìbòtí, bàtà tó nípọn níwájú. Èyí tó gbẹ̀yìn ni ọ̀yà ọmọ iṣẹ́.

Texas ní pàtàkì jẹ́ ibi tó rọrùn láti yọ nǹkan wọ̀nyí. Òun nìkan ni ìpínlẹ̀ tí òfin rẹ̀ kò mú un ní dandan fún àwọn agbanisíṣẹ́ aládàáni láti ra adójútòfò tó ń tọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ lè pinnu pé òun ò rà á. Bí abẹ bá gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọmọ iṣẹ́ irú agbanisíṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ooru bá gbé e ṣubú lórí koríko, owó ilé-ìwòsàn di wàhálà tirẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀, àfi bó bá lè gbé ọ̀gá rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ní California, láti ọdún 2005 ni ìlànà ìjọba ti ní kí wọ́n pèsè omi àti ibòji fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn. Texas kò ní irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ooru Houston nínú oṣù kẹjọ sábà máa ń lé ní 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ á tún kún fún ọ̀rinrin débi pé òógùn kì í gbẹ lára. Dọ́là 15 tí onílé rí dá dúró láàárín 45 àti 30, inú ìwọ̀nyí ló ti jáde. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ẹlòmíràn ló ń san án.

Ọ̀rọ̀ etí náà wà níbẹ̀. Àjọ NIOSH tó ń ṣe ìwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ariwo tó dé dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 ju wákàtí mẹ́jọ lọ lóòjọ́, àti pé bí ariwo bá fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ròkè sí i, kí àkókò náà dín sí ìdajì. Ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100, ìṣẹ́jú 15 ni ó kù. Ẹ̀rọ elépo tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fi fẹ́ ewé lè sún mọ́ iye yẹn létí ẹni tó gbé e. Ilé 12, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta ní ilé kọ̀ọ̀kan: ìṣẹ́jú 36. Ọkùnrin tí kò bá ní ìbòtí gidi ti kọjá ààlà rẹ̀ kí ó tó jẹun ọ̀sán, ẹ̀rọ tó ń gé koríko fúnra rẹ̀ a sì tún fi tirẹ̀ kún un. Kò ní mọ̀ lónìí. Tó bá di ẹni àádọ́ta ọdún, tí ọmọ ń pè é láti yàrá kejì tí kò dáhùn, kò sí onílé kankan tí yóò rántí pé òun wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ní ọjà ló ń pinnu: agékoríko fúnra rẹ̀ ló dárúkọ owó, kò sẹ́ni tó fi ìbọn sí i lórí, bí kò bá wù ú, kó má gbà á. Mi ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀ ní ibì kan. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní ẹ̀rọ tirẹ̀, tó ń gé koríko ilé mẹ́ta ní òpópónà tó ń gbé, lè gba dọ́là 25 kó sì jèrè, torí pé kò wakọ̀, kò gba ọmọ iṣẹ́, kò sì yá owó ra ohunkóhun. Kí ó máa gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè di gbèdéke fún ilé-iṣẹ́ tó ń bọ́ ìdílé méjì mẹ́ta. Ní ti pé ọjà òmìnira ni, ká wo àwọn tó wà ní ẹnu iṣẹ́ náà. Físà H-2B tí Amẹ́ríkà fi ń gba àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ wọlé fún iṣẹ́ tí kì í ṣe ti oko jẹ́ 66,000 lọ́dún lábẹ́ òfin, iṣẹ́ títọ́jú ọgbà àti koríko ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà yẹn so mọ́ agbanisíṣẹ́ tó mú un wá. Bí kò bá gba owó tí wọ́n fún un, ilé ló ń padà lọ. Àwọn mìíràn tún wà tí wọn kò ní ìwé kankan, tí wọn kò lè fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni bí wọ́n bá jẹ wọ́n lówó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjà tí ẹnìkan nínú rẹ̀ kò lè sọ pé rárá, a kò gbọ́dọ̀ máa fi owó tó jáde níbẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé owó tó tọ́ ni. Àwa tí a kó wá láti ibi tí wọ́n ti ń to fún físà láti ìdájí, àwa ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé.

Àwọn mìíràn á ní: ó dáa, èmi á gé e fúnra mi. Èyí ni àtakò tí mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ó ń jẹ́ kí á mọ iye tí iṣẹ́ náà tó ní ọwọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ká ní wọ́n ń gé koríko ilé kan nígbà 36 lọ́dún ní dọ́là 45. Dọ́là 1,620 ni. Onílé tó bá ra ẹ̀rọ kékeré, ẹ̀rọ olókùn àti ẹ̀rọ afẹ́wé ní nǹkan bíi dọ́là 750, tó lò wọ́n fún ọdún márùn-ún, tó tún na dọ́là 80 lọ́dún sórí epo, óìlì àti abẹ, dọ́là 230 ló ń ná lọ́dún. Dọ́là 1,390 ló rí dá dúró. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ ńlá, kò ní ẹnìkejì, nítorí náà á lo nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 24 nígbà kọ̀ọ̀kan, wákàtí 50 lọ́dún. Bí ó bá pín in, dọ́là 28 ni ó ń san fún ara rẹ̀ ní wákàtí kan, kò sì san owó orí lórí rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀pọ̀ onílé á ní àwọn ò lè fi ọjọ́ Sátidé àwọn wọ inú oòrùn oṣù kẹjọ nítorí dọ́là 28 ní wákàtí kan. Nọ́ọ̀sì tó lè gba iṣẹ́ alẹ́ kan sí i ní ilé-ìwòsàn á sọ bẹ́ẹ̀, ó sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ dọ́là 28 fún ara rẹ̀ ló ń sọ pé dọ́là 18 ti pọ̀ jù fún ọmọ ẹlòmíràn.

Mo mọ̀ pé onílé náà kò rọ́wọ́ họrí. Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù, orí ilé ló gbé ẹrù náà lé, adójútòfò ilé ní etí Gulf tí ìjì ń jà sí sì ń gorí ara wọn lọ́dọọdún. Tọkọtaya tó ń ṣiṣẹ́ méjì méjì, tó tún ń fi owó ránṣẹ́ sílé fún ìyá àti owó iléèwé àbúrò, kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Bí owó kò bá tó, ohun tó yẹ kí wọ́n dín kù ni koríko. Kò yẹ kí ó jẹ́ owó ẹni tó ń gé e. Koríko yìí gan-an kì í ṣe ohun tí Ọlọ́run fi ilé dá. Ṣáájú ọdún 1830, tí Edwin Budding ní ìtòsí Stroud ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ agékoríko àkọ́kọ́, àwọn ọlọ́lá tó lè gba ọ̀pọ̀ ọkùnrin pẹ̀lú dòjé, tàbí tó ní àgùntàn púpọ̀, ni koríko gígé wà fún. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn tó kọ́ Levittown ní New York, láti ọdún 1947, sọ gígé koríko lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ di ohun tó wà nínú ìwé ilé. Lónìí, ìwádìí tí Cristina Milesi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sátẹ́láìtì ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní 2005, fi hàn pé ilẹ̀ tí irú koríko yìí gbà ní Amẹ́ríkà lé ní 160,000 kìlómítà lọ́nà mẹ́rin, ó sì ju ti irúgbìn oko èyíkéyìí tí wọ́n ń bomi rin níbẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ohun tí ènìyàn gbé kalẹ̀, ènìyàn lè dín in kù.

Òfin Texas fúnra rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Láti ọdún 2013, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kò lè ka gbígbin ohun tó ń fara da ọ̀dá léèwọ̀ fún onílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ní kí ó kọ́kọ́ fi àwòrán rẹ̀ hàn òun. Onílé tó sọ ìdajì iwájú ilé di ibùsùn òdòdó àti igi kékeré ìbílẹ̀, tó da èèpo igi sí ìdí wọn, ti dín ilẹ̀ gígé kù, ó sì lè bẹ̀bẹ̀ fún owó tó kéré láìfi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ó tún lè sọ fún agékoríko pé kó má kó ewé tó gé sínú àpò mọ́: ewé yẹn á jẹrà sórí ilẹ̀, á sì dá oúnjẹ padà fún koríko. Ó lè yan ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì nígbà tí koríko bá ń falẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má ṣe rò pé iye owó á dín sí ìdajì. Koríko ọ̀sẹ̀ méjì ga, ó wúwo, ó máa ń dí abẹ, ìgbà méjì ni wọ́n sì máa ń gbà á kọjá kó tó tẹ́jú. Owó ẹ̀ẹ̀kan rẹ̀ á ga, ó sì yẹ kó ga.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ yìí kò ní láárí, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Dunedin, ní Florida, ní 2018. Onílé kan rin ìrìn-àjò lọ bójú tó ohun tí ìyá rẹ̀ tó kú fi sílẹ̀. Ẹni tó ń sanwó fún láti máa gé koríko ilé rẹ̀ kú ní àkókò náà. Koríko ga ju íǹṣì mẹ́wàá lọ, ìlú sì ń kọ owó ìtanràn dọ́là 500 sí i lọ́rùn lójoojúmọ́ títí tó fi sún mọ́ dọ́là 30,000. Nígbà tó yá, ìlú náà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gba ilé náà. Mo gbà pé ìwà ìlú náà burú, ìtanràn bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ó fi ohun kan hàn kedere: ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń wá pẹ̀lú ẹ̀rọ ló dúró láàárín onílé yẹn àti pípàdánù ilé rẹ̀.

Owó yìí kò ní máa lọ sílẹ̀. Washington, D.C. ti fòfin de ẹ̀rọ elépo tí wọ́n fi ń fẹ́ ewé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Montgomery County ní Maryland, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà bí omi, tẹ̀ lé e ní oṣù keje 2025. California kò jẹ́ kí wọ́n máa ta ẹ̀rọ kéékèèké elépo tuntun láti 2024. Mo fara mọ́ àwọn òfin yìí, torí pé etí òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ máa sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ oníbátìrì tó lè ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ wọ́n, bátìrì mẹ́rin márùn-ún sì ni agékoríko gbọ́dọ̀ ní káàkiri ọkọ̀. Agékoríko tó bá wá sọ fún onílé pé dọ́là 45 ti di 55, ìṣirò ló ń sọ. Onílé tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òtítọ́ ni, kó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní tààrà: ṣé o ní ìwé adójútòfò, kí n rí i? Bí ọmọ iṣẹ́ rẹ bá fara pa nínú ọgbà mi, ta ló máa sanwó ilé-ìwòsàn? Èló lò ń san fún un ní wákàtí kan, ṣé ó ń gba nǹkan lọ́jọ́ òjò? Ẹni tó bá dáhùn wọn dáadáa, kí onílé san dọ́là 55 fún un láìyọ sẹ́ǹtì kan. Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn kankan, tó kàn ní òun lè ṣe é ní 30, kí onílé má gbà fún un, nítorí pé ó ti mọ ibi tí dọ́là 25 tó kù ti ń wá.